Adìẹ Tí Ìgè Ṣàánú Rẹ̀

Ẹsẹ̀ ni Ìgè fi wáyé, kì í ṣe orí. Ọmọ tó bá sì ti ẹsẹ̀ jáde, orúkọ rẹ̀ ti ń dúró dè é kí bàbá rẹ̀ tó ronú kan òmíràn. Láti kékeré ni àwọn ará Òkè-Àfọ̀n ti ń fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹsẹ̀ kọ, wọn á ní kí wọ́n lọ pe Ìgè wá, pé òun ló mọ ohun tí ẹsẹ̀ ń fẹ́. Ó kọ́kọ́ máa ń bínú sí i, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun náà gbà wọ́n gbọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ń fi èèpo igi di ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó bá rọ́, tí á sì máa bá ewúrẹ́ náà wí pé kó yéé mi ara.

Ilé kan wà lórí òkè ìlú náà nígbà yẹn tí wọ́n ń pè ní Ilé Atoegun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to eegun tó bá kán, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n tò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wá ni wọ́n ń gbà o. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè iṣu, àwọn ènìyàn bí ogójì á gbé adìẹ kọ̀ọ̀kan wá síwájú Baba Oyèníran, olórí ilé náà. Bí Baba bá na ọwọ́ gba adìẹ rẹ, ó ti gbà ọ́ nìyẹn. Bí kò bá nawọ́, ìwọ àti adìẹ rẹ lẹ jọ ń sọ̀kalẹ̀. Kì í gbà ju adìẹ márùn-ún lọ.

Ọdún tí Ìgè pé ọmọ ogún ọdún, Baba na ọwọ́ gba tirẹ̀. Ìyá rẹ̀, Abẹ́ní, jó láti orí òkè dé ilé, ó sì gbàgbé agbọ̀n ẹyin tó gbé dání sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn atoegun. Ẹyin yẹn ni àwọn àgbà fi jẹ iṣu lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán wá, atoegun á fi ìka wá ojú ibi tó ti kán, á fà á, á tò ó, á fi òrí pa á, á wá fi pẹlẹbẹ oparun tí wọ́n fi òwú hun pọ̀ dè é. Ìyẹn nìkan kọ́. Á mú àgbébọ̀ adìẹ kan, á ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ibi kan náà tí ti aláìsàn ti kán, á tò ó, á sì dè é bákan náà. Ojú ènìyàn kò lè rí eegun tó wà nínú ẹran ara, adìẹ ló ń bá wọn rí i. Ọjọ́ tí adìẹ náà bá rìn láìtiro ni wọ́n ń tú ìdè ẹsẹ̀ aláìsàn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lo ọdún mẹ́ta, wọn á fún un ní aláìsàn kan kó dá tọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí ọwọ́ àgbà níbẹ̀. Àkàngbé akọpẹ ló bọ́ sí Ìgè lọ́wọ́. Igbà ló já nígbà tó wà lórí ọ̀pẹ, ni ó bá já lulẹ̀, ojúgun rẹ̀ ọ̀tún sì kán. Ìgè to eegun náà dáadáa débi pé Baba Oyèníran, tí kì í yin ènìyàn, mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún wá ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, ó dè é, ó ń wò ó.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, adìẹ Ìgè rìn. Kò tiro rárá, ó ń jẹ̀ kiri àgbàlá bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é rí. Inú Ìgè dùn kọjá ààlà, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò tíì ṣe é kí adìẹ yá tó bẹ́ẹ̀. Ó tú ìdè ẹsẹ̀ Àkàngbé. Àkàngbé dìde, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó sì fi igbe ta. Kí wọ́n tó di ẹsẹ̀ náà padà, eegun ti yẹ̀. Wíwọ́ ló sì jinná sí, kò lè gun ọ̀pẹ mọ́.

Baba Oyèníran kò pariwo mọ́ Ìgè. Ì bá sì sàn kó pariwo. Ó kàn ní, "Ìgè, ọwọ́ rẹ kò gbó. Máa lọ ilé." Òfin ilé náà ni pé ẹni tí wọ́n bá dá padà lè tún gbé adìẹ wá lẹ́ẹ̀kan péré. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan eegun ẹnikẹ́ni mọ́ títí láé.

Ìgè sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, ó padà sídìí adìẹ tí ìyá rẹ̀ ń sìn. Ọdún kìíní, ẹkún ló fi sun. Ọdún kejì, ó ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Ó ní Àkàngbé ló fi agbára tẹ ilẹ̀ jù, ó ní oparun ọdún náà kò le, ó ní òrí tí wọ́n rà ní àbùlà nínú. Kò sí ẹni tí kò dá lẹ́bi tán, àfi Ìgè nìkan. Bó bá sì rí Àkàngbé tó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ lọ́jà, á yà sí ọ̀nà mìíràn.

Ní ọdún kẹta ni àgbò aládùúgbò kan já wọ àgbàlá wọn, ó sì tẹ adìẹ Abẹ́ní méjì lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀kan kán pátápátá, ó ń mì dirodiro. Ti èkejì kàn sán ni, kò kán tán. Ọjọ́ kan náà ni Ìgè to méjèèjì, oparun kan náà ló sì fi dè wọ́n. Kò ní nǹkan kan lọ́kàn, ẹsẹ̀ ló rí ló ṣe tò ó.

Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sán bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Èyí tó kán pátápátá ṣì ká ẹsẹ̀ sókè. Ìgè da àgbàdo sílẹ̀ fún wọn, ó ń wò wọ́n, ó wá ń fi ìka ka ọjọ́. Ọjọ́ kẹtàlá ni.

Igbá àgbàdo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rántí kí orí rẹ̀ tó rántí. Ó rántí àgbébọ̀ pupa tó mú fún ẹsẹ̀ Àkàngbé, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lọ́wọ́ọ́rọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ òun, àti bí ó ṣe ń wo òun lójú. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó di ojú, ó tẹ ẹsẹ̀ náà, ó gbọ́ ìró kékeré kan, ó sì yára fi sílẹ̀. Ó ní ó ti kán. Kò kán!

"Ìyá mi!" Ìgè sáré wọ ilé ìdáná. "Ìyá mi, ọwọ́ mi kọ́! Ọwọ́ mi kọ́ o!"

Abẹ́ní gbé ọmọrogùn sókè. "Ejò ni? Níbo ló ti bù ọ́ ṣán?"

"Adìẹ ni! Mo mọ ohun tó gbé mi ṣubú!"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rò ó fún ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Abẹ́ní gbọ́ ọ tán, ó padà sídìí ọkà tó ń rò. "Ọjọ́ márùn-ún òní ni wọ́n ń gba adìẹ lórí òkè," ó ní. "Lọ mú èyí tó bá wù ọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ìgè. "Bí wọ́n bá kọ̀ mí ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù mí kù, Ìyá mi."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn á kọ̀ ọ́. Ìwọ tí o jókòó síbí, ojoojúmọ́ lò ń kọ ara rẹ."

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ọ̀nà òkè kún fún ènìyàn. Bí ọkùnrin ṣe ń lọ ni obìnrin ń lọ, adìẹ ń ké lábíyá kálukú, àwọn tuntun ń pariwo bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Láàárín èrò ni Ìgè ti gbọ́ tí ẹnìkan ké sí i. Láwuyì ni, tí wọ́n dá padà lọ́dún kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Òun ló di ọwọ́ ìyàwó ọlọ́ṣẹ kan le jù, títí ìka obìnrin náà fi wú tó sì dúdú.

"Ìgè! Ìwọ náà ń bọ̀!" Láwuyì ń rẹ́rìn-ín. "Wá jẹ́ ká yára. Èmi ti gbàgbé tèmi o jàre. Oríburúkú ló ṣe mí lọ́jọ́ yẹn."

"O kò lọ bi obìnrin náà léèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ bi í? Èyí tó lọ ti lọ!" Ó ti ṣáájú rẹ̀ lọ kó tó sọ ọ́ tán.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Ilé Atoegun tí Láwuyì fi ṣubú lulẹ̀ gbì. Ó fò dìde bí ẹni tí iná jó. Ó gbé ojú sókè sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn àgbà jókòó sí, bóyá wọ́n rí òun, ó gbọn eruku orúnkún, ó sì sáré wọlé lọ. Ìgè rò pé ìwàǹwára ló gbé e ṣubú. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí nǹkan fi gbá a lẹ́sẹ̀, tí òun náà fi ojú bolẹ̀. Adìẹ rẹ̀ fò lọ sínú koríko, àwọn tó ń kọjá sì fi í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wọlé o! A fẹ́ ti ilẹ̀kùn!" ni ẹnìkan ń ké láti inú àgbàlá.

Ó yẹ kó sáré. Gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà ló ń sáré. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta tó fi jìyà ohun tí kò mọ̀ kò jẹ́ kó lè sáré kúrò níbẹ̀. Ó yíjú padà wo ẹ̀yìn. Nínú koríko gbígbẹ, okùn ewúrẹ́ kan ló nà tantan dábùú ọ̀nà. Èèkàn rẹ̀ wà lápá kan, ewúrẹ́ wà lápá kejì tó ń jẹ̀ ní tirẹ̀. Ìgè gbé ojú díẹ̀ sí i, ó sì rí ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ tààrà síbi okùn náà, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀.

Àkàngbé ni. Ìtìjú mú Ìgè, ó sì wù ú kó sá.

"Ẹ dúró o, bàbá! Okùn wà níbẹ̀!" ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa èèkàn náà tu, ó gbé e lọ sí apá ibi tí ewúrẹ́ wà, ó sì tún un rì mọ́lẹ̀. Ìgbà tó ṣe tán ló wá kúnlẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Àkàngbé dúró, ó tẹjú mọ́ ọn. "Ìgè kọ́ nìyí?"

"Èmi ni, bàbá."

"Dìde jàre. Èmi wá kí wọ́n fi omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ fún mi ni, bí mo ṣe ń ṣe lóṣooṣù. Adìẹ rẹ dà?" Ó fi ọ̀pá tọ́ka sínú koríko. "Òun nìyẹn. Ó há. Mú un kí o máa sáré, wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ síta!"

Ìgè sá wọlé bí wọ́n ṣe ń fa ilẹ̀kùn. Àwọn méjì tó ń padà wá ni Baba Oyèníran kọ́kọ́ pè. Láwuyì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Láwuyì, kí ló gbé ọ ṣubú?"

"Ti ọdún mẹ́ta ni, Baba, àbí ti ẹnu ọ̀nà?"

"Sọ méjèèjì."

"Baba, iwájú ni mò ń wò! Ẹ sáà gba adìẹ mi, ẹ ó rí iṣẹ́ ọwọ́ mi!" Àwọn tuntun hó yèè. "Ti ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ ló yọ̀ mí."

Baba wo òde. Òjò ìkẹyìn ti tó oṣù kan, eruku sì bo gbogbo ilẹ̀. Ó yíjú sí Ìgè. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ti ẹnu ọ̀nà, okùn ewúrẹ́ ni, Baba. Mo ti gbé èèkàn rẹ̀ kúrò."

"Ti ọdún mẹ́ta ńkọ́?"

Ìgbà yẹn gan-an ni Àkàngbé fi ọ̀pá ti ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé, ó sì fara ti ògiri. Ìgè rí i. Ó rọrùn kó sọ pé ọwọ́ òun kò gbó, ohun tí Baba ti sọ náà ni, kò sì ní dun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó sọ ti àgbébọ̀ pupa, ó sọ bí ó ṣe di ojú, ó sọ ti àgbò, ti adìẹ méjì àti ti ọjọ́ kẹtàlá. "Kò kán, Baba, èmi ló ní ó kán. Mo ṣàánú adìẹ, mo sì ba ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá akọpẹ, ẹ forí jì mí."

Ni Àkàngbé bá bú sẹ́rìn-ín lójijì, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Adìẹ! Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bá ẹ̀gbọ́n mi yodì! Mo ní òun ló fi oògùn ba ẹsẹ̀ mi jẹ́. N kò jẹun nílé rẹ̀ mọ́, n kò kí ìyàwó rẹ̀. Adìẹ ló ṣe é!" Ó nu ojú. "Baba, ẹsẹ̀ tó ti jinná ní wíwọ́, ṣé wọ́n lè tún un ṣẹ́, kí wọ́n sì tún un tò?"

"Wọ́n lè ṣe é. Yóò dùn ọ́ o."

"Kí Ìgè bá mi tò ó. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kó ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ náà dénú!"

Ẹ̀rín gba ilé kan, ṣùgbọ́n Baba Oyèníran kò bá wọn rín in. Ó dìde, ó sì yíjú sí àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀. "Èmi náà ṣubú lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Mo rí adìẹ tó rìn lọ́jọ́ kẹtàlá, n kò sì béèrè ìdí. Mo di ẹ̀bi ru ọwọ́ ọmọ yìí, n kò wo ẹsẹ̀ adìẹ. Láti òní lọ, kò sí ìdè adìẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò dì láìjẹ́ pé àgbà kan fi ìka kàn án wò." Ó wá na ọwọ́ méjèèjì, ó sì gba adìẹ Ìgè.

Igbe ayọ̀ tí Ìgè ké mú kí ewúrẹ́ tó wà lóde dáhùn. Ó dì mọ́ ẹsẹ̀ Baba, ó dì mọ́ Àkàngbé, díẹ̀ ló kù kó dì mọ́ Láwuyì pẹ̀lú.

"Èmi ńkọ́, Baba?" ni Láwuyì wí. "Mo fi ọdún méjì ju Ìgè lọ!"

"Ti ọjọ́ orí kọ́ là ń sọ. Ojú kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ṣubú sí, mo sì ń wò yín láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìwọ dìde, o wo iwájú bóyá a rí ọ. Òun dìde, ó wo ẹ̀yìn, ó wá ohun tó gbé e ṣubú. Nínú ilé yìí, ọmọdé ni ọ́, Láwuyì, àgbà sì ni Ìgè. N kò kọ adìẹ rẹ, n kò sì tíì gbà á. Lọ wo ohun tó gbé ọ ṣubú kí o tó padà wá."

Láwuyì sáré jáde lójú ẹsẹ̀. Wọ́n rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń tú koríko wò lójú ọ̀nà, tí ewúrẹ́ sì ń wò ó. "Ìgè, níbo lo gbé okùn náà sí?" ló ń pariwo, ni gbogbo àgbàlá bá tún dà á sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí ó tó nà ró. Nígbà tó sì ń lọ, kò gba ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọ̀nà ilé ìyàwó ọlọ́ṣẹ ló gbà, adìẹ rẹ̀ lábíyá.

Àgbébọ̀ tí Ìgè ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ fún Àkàngbé lẹ́ẹ̀kejì kò rìn títí ó fi di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí iṣu tuntun yóò fi dé, Àkàngbé ti gun ọ̀pẹ, ẹmu àkọ́kọ́ tó sì dá, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ tí Baba sọ fún Láwuyì náà kò jókòó sí Òkè-Àfọ̀n; láti ẹnu dé ẹnu ló ń rìn, títí ó fi di òwe tí àwa náà ń pa lónìí pé: bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn.